Yèyé àti Àkísà Bẹntiróò

Ní ọjọ́ tí a sin Yèyé, ẹni mẹ́ta ló dìde sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Èkíní ní ó lawọ́. Èkejì ní ó bẹ̀rù Ọlọ́run. Ẹ̀kẹta, tí kò mọ̀ ọ́n dáadáa, ní kò bá ẹnikẹ́ni jà rí láyé rẹ̀. Mo wo ìyàwó kejì bàbá mi àgbà, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ẹ̀yìnkùlé, mo rí i tó fi ìborùn bo ẹnu, tí èjìká rẹ̀ ń mì. Àwọn tó rí i rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín, nítorí bí ẹnì kan bá wà ní Kàbà tó mọ ìjà jà, Yèyé ni.

Mi ò ní kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ síbí. Ọdún tí wọ́n bí i, òun gan-an kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹni tó bá ka ìwé yìí mọ irú èèyàn tí ìyá tó bí bàbá mi jẹ́, kí ó sì mọ ohun kan tó ṣe, tí kò sí ẹni tó rántí sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè.

Kí ẹ tó lè mọ bí ohun náà ṣe tóbi tó, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé Yèyé kì í gbà pé òun ṣe àṣìṣe. Ní ọjọ́ kan, ó fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá Àgbà fi òkèlè kan sẹ́nu, ó na ọwọ́ sí omi. Bàbá mi fi tirẹ̀ sẹ́nu, òun náà na ọwọ́ sí omi. Yèyé jókòó ti àwo tirẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán pátápátá, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó nu ẹnu, ó ní, “Ẹnu gbogbo yín ló tẹ́.”

Bí ó bá pè mí ní Ṣadé, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, tí mo sì ní, “Yèyé, Yẹmisí ni mí,” kò ní tún un pè. Á wò mí láti òkè dé ilẹ̀ bí ẹni tó ń wo ewúrẹ́ tó fẹ́ rà. Á ní, “Lónìí, Ṣadé ni ọ́.” Títí ilẹ̀ ọjọ́ náà yóò fi ṣú, Ṣadé ni mí.

Aṣọ ló ń hun. Òfì rẹ̀ dúró ti ara ògiri nínú yàrá, bí ti gbogbo obìnrin ilé wa. Bí ó bá hun ún tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, á dá ọwọ́ dúró, á tú ìdérí àdó aáṣà rẹ̀, á fi ìka méjì bu díẹ̀, á fà á sí ihò imú ọ̀tún, á fà á sí ti òsì. Lẹ́yìn náà, á sín lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí ó bá sín méjì, gbogbo ilé á dákẹ́, àwa ọmọdé á ranjú mọ́ ọn, òun náà á gbé ìka sókè pé kí a ní sùúrù. Bí ẹ̀kẹta bá dé, ojú rẹ̀ á mọ́lẹ̀. Á ní, “Imú náà ní oúnjẹ tirẹ̀.”

Ẹ má ṣe rò pé ìwà burúkú ni wọ́n ka aáṣà sí lọ́dọ̀ wa. Àgbà tó bá wọlé, wọn á fi lọ̀ ọ́ kí wọ́n tó bi í léèrè ohun tó bá wá. Ẹni tó kọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ ní ìdí tó dára. Mo ń sọ èyí nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe Yèyé ti wá.

Ìjà òun àti Ìyá Ẹ̀yìnkùlé ti wà kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí Ìyá Ẹ̀yìnkùlé wọlé ọkọ láti Ponyan, ó gbé àmù omi kúrò níbi tí Yèyé gbé e sí, ó gbé e síbi tí òjìji pọ̀ sí. Omi náà tutù sí i, gbogbo ilé sì sọ bẹ́ẹ̀, èyí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le. Láti ọjọ́ náà, wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà. Àwa ọmọ ni wọ́n ń bá sọ ọ́. Yèyé á dúró sí ẹnu ọ̀nà, á pariwo, “Ṣadé, sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn ulé pé ewúrẹ́ rẹ̀ ń jẹ ẹ̀gẹ́ mi!” Kí n tó gbé ẹsẹ̀, ìdáhùn ti dé láti ẹ̀yìn ilé: “Sọ fún ìyálé pé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ló wá bá ewúrẹ́ mi.” Nígbà tí mo bi Yèyé léèrè ìdí tó fi ń bá a jà, ó yà á lẹ́nu. Ó ní, “Mi ò bá a jà. Mo kàn ń dáhùn ohun tó ní lọ́kàn ni.”

Ọmọ ìkẹyìn Yèyé ni Bùrọ̀dá Bọ̀dé, àbúrò bàbá mi. Ṣàṣà èèyàn ló lè fẹ́ràn ọmọ bí Yèyé ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ó ń ṣe mẹkáníìkì ní ọgbà tí wọ́n ti ń tún lọ́rì ṣe, lẹ́bàá ọ̀nà Lọ́kọ́ja. Bí lọ́rì bá ń gun òkè bọ̀, tí a kò tíì rí i, yóò na etí, á ní, “Èyí kò ní dé Òmùò.” Lọ́pọ̀ ìgbà kì í dé ibẹ̀ lóòótọ́. Yèyé á wá yí ojú sí ẹ̀yìnkùlé, á fi ohùn òkè sọ pé, “Etí wà, etí sì wà.”

Kò sí ẹ̀rọ tó ń ta bẹntiróò ní Kàbà nígbà náà. Inú dúrọ́ọ̀mù ló ń wọ̀ dé. Àwọn mẹkáníìkì á ki rọ́bà bọ inú rẹ̀, wọ́n á fi ẹnu fà á títí yóò fi máa ṣàn. Bẹntiróò yìí kan náà ni wọ́n ń bù sínú bàsíà láti fi fọ irin tí gírísì ti bò. Láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, òórùn rẹ̀ ni Bùrọ̀dá Bọ̀dé ń fà símú. Ó sọ fún wa pé ní ìbẹ̀rẹ̀, orí ló ń fọ́ òun. Lẹ́yìn náà, orí kò fọ́ ọ mọ́. Nígbà tó yá, bí kò bá gbóòórùn rẹ̀ ni ara rẹ̀ kì í balẹ̀.

Ọdún tí wọ́n fún wa ní ife ní ilé ìwé, nítorí pé wọ́n dé ọbabìnrin ìlú òyìnbó ládé, ni mo kọ́kọ́ rí àkísà tí Bùrọ̀dá Bọ̀dé ń rẹ sínú bẹntiróò. Ó yọ ọ́ lápò, ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó fi bo imú àti ẹnu, ó mí sínú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tó sọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Àwa ọmọdé bá a rín in. Ó ní ara òun fúyẹ́.

Ìyá Ẹ̀yìnkùlé jáde láti ẹ̀yìn ilé ní ọjọ́ náà. Kò rán ọmọ. Ó wá dúró níwájú Yèyé fúnra rẹ̀.

“Okun o, ìyálé,” ó kí i. “Ẹ gba àkísà yẹn lọ́wọ́ ọmọ yín. Bí kò bá fi í sílẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ yóò lọ.”

Yèyé gbé àdó aáṣà rẹ̀ sókè. “Hàbà! Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń fà tèmi. Ọpọlọ mi dà? Ṣé ó ti lọ?”

“Aáṣà kọ́ nìyẹn. Nǹkan tó ń ti mọ́tò gun òkè, kí ló ń wá nínú orí èèyàn?”

“Ìlara ni,” Yèyé sọ. “O kò bí ẹni tó mọ mọ́tò.” Ó wá yí sí ọmọ rẹ̀, ó sọ gbólóhùn tí yóò dun òun fúnra rẹ̀ títí ọjọ́ ikú: “Máa fà á, ọmọ mi. Imú rẹ ni.”

Kì í ṣe ọjọ́ kan ni nǹkan bàjẹ́. Oúnjẹ ló kọ́kọ́ kọ̀. Fúnmi ìyàwó rẹ̀ á gún iyán, á tutù níwájú rẹ̀. Egbò yọ yí ẹnu rẹ̀ ká. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí sípánà ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó to ẹ́ńjìnnì kan pọ̀ tán, nọ́ọ̀tì mẹ́rin kù sílẹ̀, ó ń yí wọn lọ́wọ́, kò mọ ibi tí wọ́n ti wá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í la ẹsẹ̀ rìn bí ẹni tó wà lórí amọ̀ tútù, bẹ́ẹ̀ ni kò mu ẹmu. Ó lè pariwo mọ́ Fúnmi ní àárọ̀ títí omijé á fi bọ́ lójú ọmọbìnrin náà. Bí ó bá di ọ̀sán, á bi í léèrè ẹni tó pa á lẹ́kún. Kì í ṣe ẹ̀tàn. Kò rántí ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó kúrò ní ọgbà lọ́rì kó máa bọ̀ wálé, ọ̀nà tó ti ń rìn láti kékeré. Awakọ̀ kan ló bá a létí ọ̀nà tó lọ sí Òkè-Bùkún, tó jókòó sórí òkúta tó ń sunkún, nítorí kò mọ apá ibi tí Kàbà wà mọ́. Awakọ̀ náà gbé e wálé. Gbogbo wa dúró, a ń wò ó. Yèyé gbé omi fún un, ó ní, “Oòrùn ló pa á.” Òjò sì ti ń rọ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ náà.

Àwọn ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọwọ́ ayé ni. Bí a bá sì ti ní ọwọ́ ayé ni, ó di dandan kí a wá ẹni tó ni ọwọ́. Àbúrò Bàbá Àgbà, obìnrin tí a ń pè ní Màmá Ìdó, ló rántí ohun tí Ìyá Ẹ̀yìnkùlé sọ lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ní, “Ẹni tó sọ pé ọpọlọ rẹ̀ yóò lọ, òun ló mọ ibi tó gbé e sí.” Ọ̀rọ̀ náà ràn bí iná ọyẹ́. Àwọn ìyàwó ilé kò fọn iná lọ́dọ̀ Ìyá Ẹ̀yìnkùlé mọ́. Ọmọ tó bá gba ẹ̀pà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á gbà á, wọ́n á dà á nù. Yèyé mọ̀ pé irọ́ ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́: ó mọ̀, ó sì dákẹ́. Nígbà tí mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ̀rọ̀, ó ní ẹnu ń dun òun.

Bí wọ́n ṣe ń wá ẹni tó ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń fa àkísà rẹ̀ lójoojúmọ́. Fúnmi ló sú. Ó sọ fún Yèyé pé bí wọn kò bá gbé ọkọ òun lọ sí dìsípẹ́ńsárì N.A., ilé ìtọ́jú aláìsàn ti ìjọba ìbílẹ̀, òun yóò gbé e pọ̀n lọ. Yèyé tẹ̀ lé wọn, èmi náà sì tẹ̀ lé Yèyé.

Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan ló ń tọ́jú àwọn èèyàn níbẹ̀, ará ìhà Mọ́pà. Ó gbóòórùn ẹ̀wù Bùrọ̀dá Bọ̀dé kó tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni. Ó jókòó tì í, ó ní, “Ọ̀gá mẹkáníìkì, kí lẹ fi ń fọ gírísì kúrò lára irin?”

“Bẹntiróò.”

“Báwo ló ṣe ń ṣe gírísì náà?”

Ìbéèrè iṣẹ́ nìyí, ojú Bùrọ̀dá Bọ̀dé sì là díẹ̀. “Ó ń yọ́ ọ ni. Bí o bá fi í sílẹ̀ pẹ́, irin nìkan ni yóò kù.”

Ọkùnrin náà mi orí, ó wá yí sọ́dọ̀ Yèyé. “Yèyé, ọ̀rá pọ̀ nínú ọpọlọ èèyàn. Àwọn okùn tín-ín-rín wà níbẹ̀ tó ń gbé iṣẹ́ láti orí dé ọwọ́, dé ẹsẹ̀, ọ̀rá ló sì bò wọ́n. Òórùn yìí kì í dúró nímú. Ó ń bá èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á gbé e lọ sórí. Ohun tó ń ṣe fún gírísì, ó ń ṣe é fún ọ̀rá yẹn. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi ń gbọ̀n, tí ọ̀nà ilé fi sọ nù mọ́ ọn lọ́wọ́. Atẹ́gùn rere tó yẹ kó dé orí kò sì dé. Ó tilẹ̀ lè mú kí ọkàn dúró lójijì lọ́jọ́ kan.”

“Aáṣà ńkọ́?” Ohùn Yèyé kéré.

“Mi ò ní yin aáṣà fún yín. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ẹbí aáṣà rárá.”

“Ṣé yóò padà bọ̀ sípò?”

“Bí ó bá fi í sílẹ̀ lónìí, díẹ̀ lè padà. Èyí tó ti yọ́ tán, mi ò ní parọ́ fún yín.”

A rìn padà dé ẹ̀bá ilé. Ibẹ̀ ni Yèyé ti di ọwọ́ mi mú, ó dì í mú kíkankíkan. Ó ní, “Yẹmisí, èmi ni mo ní kó máa fà á.” Orúkọ mi gan-an ló pè. Ẹ̀rù bà mí ju bí ó ṣe bà mí ní dìsípẹ́ńsárì lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn àgbà ilé péjọ sí iwájú ilé láti dá Ìyá Ẹ̀yìnkùlé padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ponyan. Wọ́n ti pè é jáde. Ó ti di ẹrù rẹ̀, kò tilẹ̀ dúró kí wọ́n sọ ọ́ tán. Màmá Ìdó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Yèyé ti inú ilé jáde, tó gba àárín gbogbo wọn kọjá, tó sì kúnlẹ̀ níwájú orogún rẹ̀.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ìyálé kì í kúnlẹ̀ fún ìyàwó. Bàbá Àgbà dìde lórí ìjókòó rẹ̀. Màmá Ìdó gbàgbé láti pa ẹnu dé.

Yèyé ní, “Ó rí iná, ó ké. Èmi ni mo ní kí ọmọ mi lọ yá a. Ẹ má lé ẹni tó ké. Èmi ni kí ẹ lé.”

“Kí ló dé tó fi mọ̀?” Màmá Ìdó bèèrè. “Ta ló sọ fún un?”

Ìyá Ẹ̀yìnkùlé dáhùn, “Mo ti jókòó ti dúrọ́ọ̀mù bẹntiróò nínú lọ́rì láti Lọ́kọ́ja dé ulé rí. Ọjọ́ mẹ́ta ni orí mi fi ń yí, tí mò ń pe ewúrẹ́ ní adìyẹ. Ẹ kò bi mí. Ẹnikẹ́ni nínú yín kò bi mí.”

Yèyé fẹ́ dìde, eékún kọ̀. Ìyá Ẹ̀yìnkùlé sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó kó ọwọ́ sí i lábíyá, ó gbé e sókè. Ó ní, “Ẹ rọra, ìyálé. Eékún yín kò mọ irú iṣẹ́ yìí.”

Àwọn méjèèjì ló mú Bùrọ̀dá Bọ̀dé lọ sí oko Bàbá Àgbà ní ìhà Bùnù, níbi tí ọ̀nà lọ́rì kò dé. Wọ́n gbé níbẹ̀ láti ìgbà iṣu tuntun títí ọyẹ́ fi dé. Mo lọ bá wọn ní àkókò ìsinmi ilé ìwé, mo sì rí ohun tí mi ò lè gbàgbé. Ó ń làágùn, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń ṣépè. Ó fọ́ igbá mọ́lẹ̀. Ní ọ̀sán kan, ó ní òun ń lọ sí Kàbà, kò sì sí ẹni tó lè dá òun dúró. Àwọn ìyá méjèèjì jókòó sójú ọ̀nà oko, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ẹsẹ̀ wọn kan ara wọn láàárín. Ó ní òun yóò rékọjá lórí wọn. Yèyé gbé ojú sókè wò ó. Ó ní, “Rékọjá lórí mi, bí o bá lè gbàgbé ìyẹn náà.” Bùrọ̀dá Bọ̀dé gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó tún gbé e padà sílẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ tì wọ́n, ó sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Ó bọ́ lọ́wọ́ bẹntiróò. Mo dúpẹ́, mo sì tún ń dúpẹ́. Oúnjẹ padà sẹ́nu rẹ̀, ẹran padà sára rẹ̀, ó ń kọ ebè bí ọkùnrin. Fúnmi kò fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin dìsípẹ́ńsárì kò parọ́. Ọwọ́ náà ṣì ń gbọ̀n. Orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú ẹ́ńjìnnì wà lórí rẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí o bá sọ fún un lánàá kì í dúró. O lè bá a lọ sí ìsìnkú ní àárọ̀, kó bi ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ bí ara olóògbé ṣe rí.

Yèyé kò fi aáṣà sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ òkú. Ṣùgbọ́n kò fà á lójú ọmọ rẹ̀ mọ́. Á lọ sí ẹ̀yìnkùlé, àwa á sì máa gbọ́ tí òun àti Ìyá Ẹ̀yìnkùlé ń sín. Ó ti kọ́ orogún rẹ̀ bí a ṣe ń fà á. Ìjà wọn kò parí o. Ojúkojú ni wọ́n ń jà á báyìí. Mo ní ṣebí wọ́n ti parí ìjà. Yèyé ní, “Ta ni kí n wá bá jà? Àlejò?”

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ tó kọjá yìí ni Yèyé sùn tí kò jí. Bùrọ̀dá Bọ̀dé bá wa gbẹ́ sàréè, ó bá wa bo iyẹ̀pẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wá sí ẹnu ọ̀nà yàrá Yèyé bí ó ti máa ń ṣe láràárọ̀, ó ní, “Okun o, Yèyé.” A wo ara wa. Bàbá mi fà á mọ́ra, ó sọ fún un pé Yèyé ti kú. Bùrọ̀dá Bọ̀dé figbe ta, ó ṣubú lulẹ̀, ó yí gbiri nínú eruku. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó tún wá. A tún sọ fún un, ó tún ṣubú. Títí di ọjọ́ kẹsàn-án ni a fi ń sọ ọ́ fún un, títí di ọjọ́ kẹsàn-án ni ìyá rẹ̀ sì fi ń kú mọ́ ọn lójú. Fúnmi bẹ̀rẹ̀ sí í dí etí rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́.

Ní ọjọ́ kẹwàá, Ìyá Ẹ̀yìnkùlé gbé ẹní rẹ̀, ó wọ yàrá Yèyé, ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ohun kan fún ọmọ náà mọ́. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀. Bùrọ̀dá Bọ̀dé dé pẹ̀lú ọkọ́ léjìká.

“Okun o, Yèyé.”

“Okun o, ọmọ mi,” ni Ìyá Ẹ̀yìnkùlé dáhùn láti inú yàrá. “Ṣé o jí dáadáa?”

“Mo jí dáadáa.”

“Máa lọ sóko. Oòrùn ti ń gòkè.”

Ó sì lọ.